Ìpínrọ̀ Màmi

Àtìnì, 3 Fẹ́búárì

Ọyẹ́ kọ̀, kò lọ. Ètè mi bó, eruku sì bo kọ̀ǹpútà ìsọ̀ débi pé mo fi ìka kọ orúkọ ara mi sí i lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá lónìí, kò sí èyí tó ní ìpínrọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan kọ tirẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsinmi, bí ẹni tí ajá ń lé. Mo bi í pé ṣé kì í mí ni. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi tò ó." Ohun tí gbogbo wọn máa ń wí nìyẹn. Ọrùn ta ni yóò wá kán? Ọrùn Àǹtí.

Bọ̀ọ̀dá Najeem wá nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù wọn. Nǹkan tí à ń ṣe yìí kò ju bọ́tìnnì kan lọ: ẹni tó bá ní ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì á tẹ̀ ẹ́, ìwé náà á pín ara rẹ̀ sí ìpínrọ̀, á sún gbogbo ìlà síbi tó yẹ. Àwọn ni wọ́n ń kọ kóòdù, èmi ni mo ń sọ ibi tó yẹ kó ti gé e. Títí di òní, ibi tí kò yẹ ló ń gé. Ó gé orúkọ gíwá sí méjì. Rose, àbúrò wọn, pè láti Abíjáǹ bí a ti ń jà lé e lórí. Ó ní èmi àti ẹ̀gbọ́n òun ti di ìbejì. Mo ní ìbejì ìyá méjì, bàbá kan.

Jímọ̀, 7 Fẹ́búárì

Mo ti rí i. Mo ti rí ibi tó yẹ kó máa gé.

Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni mo ti ń bẹ Màmi pé kí wọ́n máa sọ ìtàn ayé wọn fún mi, kí n máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kan lórí fóònù. Wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí, ọ̀rọ̀ á máa dà, èmi á máa sá tẹ̀lé e. Mi ò ráyè pín in rárá. Mo ń kà á padà lónìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé níbi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti parí, Màmi á ní "Alihamudulilahi." Ìbáà jẹ́ ayọ̀, ìbáà jẹ́ ẹkún. Ìyá wọn kú, alihamudulilahi. Iṣu jóná, alihamudulilahi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mí. Mo wá rántí pé "fualà" ni ti Màmá Àgbà, ìyáálé wọn, Faransé tí wọ́n gbé ti Kódífuà bọ̀, bí ẹni ń wí pé ó parí nìyẹn. Gbogbo àgbàlagbà ìlú yìí ló ní ohun tí wọ́n fi ń dé ìkòkò ọ̀rọ̀.

Mo sáré lọ sọ fún Bọ̀ọ̀dá Najeem. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n gbé òkèlè sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó ń ṣe irú nǹkan báyìí kò lè ronú kan èyí láé. Inú mi dùn débi pé mo mú ẹran inú ọbẹ̀ wọn jẹ, wọn ò sì bá mi wí.

Àìkú, 9 Fẹ́búárì

Iná kò sí. Epo tún ti gbówó lórí. Mi ò ṣí ìsọ̀.

Àlàmísì, 13 Fẹ́búárì

Ó ṣiṣẹ́. Mo da ọ̀rọ̀ Màmi nípa ìgbéyàwó wọn sínú rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ sì já wálẹ̀ ní ìpínrọ̀ ìpínrọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí. Omi bọ́ lójú mi. Bọ̀ọ̀dá Najeem fi mí ṣẹ̀sín títí. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì gbà.

Màmá Àgbà se aṣẹkẹ, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará Kódífuà, fún wa, wọ́n dín ẹja sí i. Orí ẹja, èmi ni wọ́n fún, wọn ò fún ọmọ wọn. Wọ́n ní òun ló ní ìka, èmi ni mo ní orí. Màmi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. Nínú ilé yìí, abọ́ kan ni àwọn ìyá méjèèjì ti ń jẹun láti kékeré wa. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wọ́n bá àwọn orogún mìíràn wí.

Àtàláátà, 18 Fẹ́búárì

Màmá Àgbà lọ kí àna wọn ní Ìsúndúnrìn, wọn ò ní tètè dé. Bí wọ́n ti jáde ni Màmi pè mí. Wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ẹ̀gúsí kò sí lọ́wọ́ wọn, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Buakẹ́, ìlú tí a gbé ní Kódífuà nígbà kan, lòún fẹ́ sọ.

"Ta ló máa gbọ́ ọ?"

"Èmi ni, Màmi."

"Ta tún ni?"

"Èmi nìkan."

Wọ́n wojú mi pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ogun wọ Buakẹ́ láàárọ̀. Bàbá wà ní Abíjáǹ, wọ́n lọ ra ọjà. Ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́ta ló kù nílé, èmi ni mo kéré jù, mi ò tíì lè dá ọrùn gbé. Wọ́n sá dé gáréèjì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ló kù, èrò ti kún un dẹ́nu. Màmá Àgbà gùn ún, wọ́n fa Bọ̀ọ̀dá Najeem àti Rose sókè. Màmi wá na èmi náà sí wọn pé kí wọ́n gbà mí ná, kí òun lè ráyè fọwọ́ gùn. Màmá Àgbà gbà mí. Wọ́n wò mí lójú. Wọ́n sì dá mi padà sọ́wọ́ Màmi. Ọkọ̀ ṣí.

"Ìyáálé mi ò wẹ̀yìn wò," ni Màmi wí. "Alihamudulilahi."

Mo tẹ̀ ẹ́ títí dé ibẹ̀. Orí ẹja ọjọ́sí ni mo ń rántí, bí ẹni pé ó ṣì wà lọ́nà ọ̀fun mi. Màmi rí ojú mi. Wọ́n ní kí n má tíì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ìyókù ń bẹ, ìyókù gan-an lòún sì fẹ́ kí n gbọ́, àmọ́ ẹnu ti rẹ òun, ó di ọ̀la.

Ìwé náà wà níbi tí gbogbo ìwé ilé wa wà, nínú ímeèlì ẹbí. Bàbá ló ṣí i fún gbogbo wa nígbà ayé wọn, orúkọ ìlú ni páswọ́ọ̀dù rẹ̀, ọmọ ilé wo ni kò mọ̀ ọ́n? Mi ò ní tèmi lọ́tọ̀. Bàbá kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó bá dá ìkòkò gbé, ohun tí kò fẹ́ kí ará ilé jẹ ló ń sè.

Àlàrùbá, 19 Fẹ́búárì

Màmi ní ó di ọ̀la.

Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì

Ibà ló gbé Màmi dè. Ara wọn gbóná, wọn ò lè jẹ ju ẹ̀kọ lọ. Màmá Àgbà ló ń fi aṣọ tútù nù wọ́n lára, mo sì ń wo ọwọ́ wọn náà. Ọwọ́ tó dá mi padà nìyẹn. Mo gbìyànjú kí n má wo ojú wọn, wọ́n ní ṣé mo ṣe nǹkan ni.

Bọ̀ọ̀dá Najeem ń lọ sí Òṣogbo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, síbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe nǹkan tuntun lórí kọ̀ǹpútà. A jọ ń lọ tẹ́lẹ̀ ni, mo ti yọ aṣọ tí mo máa wọ̀. Báyìí mi ò lè fi Màmi sílẹ̀. Wọ́n ní kò burú, pé àwọn á lọ fún àwa méjèèjì. Wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ gígùn kan tí kò ní ìpínrọ̀, kí wọ́n fi han àwọn ènìyàn bí Lẹ́sẹẹsẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n mú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìsọ̀, mo ti gbàyè lọ́wọ́ Ìyìnolúwa tó ni ín, òun kò bìkítà.

Àbámẹ́ta, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Màmi gbà á pẹ̀lú ara tí kò tíì le. Ta ló lè ní kí wọ́n má gbà á?

Àlàmísì, 6 Máàṣì

Ipò kejì. Bọ̀ọ̀dá Najeem ṣe ipò kejì ní Òṣogbo. Wọ́n fi línkì ojú ewé Lẹ́sẹẹsẹ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Gbogbo Abíjáǹ ń ṣàdúà, gbogbo Èjìgbò ń ṣàmín. Màmá Àgbà ní kí n fi han àwọn, mo gbé fóònù sí wọn lójú, wọ́n fọwọ́ kan àwòrán ọmọ wọn.

Àwòrán náà dára. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ pé Najeem nìkan ló ronú rẹ̀, Najeem nìkan ló ṣe é. Mo wá orúkọ mi títí. Mi ò wo ìsàlẹ̀ mọ́, ojú mi ti ṣú. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ni àyè wà fún nínú ohun tí wọ́n ní kí àwọn kọ, pé nígbà tó bá yá àwọn á tún un ṣe. Mo ní kò burú.

Ó burú.

Àtìnì, 10 Máàṣì

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi abọ́.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dàbínù ṣínu ni. Àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná wà láàárín wa, èmi, Màmi àti Màmá Àgbà. Fóònù Màmá Àgbà dún, Rose ni. Inú wọn dùn, wọ́n fi sétí. Wọ́n gbọ́ títí. Wọn ò fèsì kankan ju "hẹn" lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n wo Màmi. Wọ́n bu ẹ̀kọ tiwọn sínú ife, wọ́n mú àkàrà méjì, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Mo bọ́ síta, mo pe Rose. Ohùn rẹ̀ le. Ó ní, "Lọ ka ìsàlẹ̀ ojú ewé tí ẹ̀yin méjèèjì ṣe. Gbogbo wọn ń ṣàmín, èmi nìkan ni mo kà á dópin." Mo ṣí i. Ìsàlẹ̀ àwòrán Najeem, wọ́n kọ "Kí Lẹ́sẹẹsẹ tó tò ó" sí apá kan, wọ́n kọ "Lẹ́yìn tó tò ó" sí apá kejì. Ọ̀rọ̀ Buakẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ Màmi lódindi, ogun, gáréèjì, ọkọ̀ akẹ́rù, ọmọ tí wọ́n dá padà, títí dé "Ìyáálé mi ò wẹ̀yìn wò." Ní apá òsì ó dì pọ̀ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Ní apá ọ̀tún ó ti pín, àlàfo tó yẹ wà láàárín, alihamudulilahi kọ̀ọ̀kan sì parí ìpínrọ̀ tirẹ̀. Ó dára lójú. Kí n sọ òótọ́, mi ò rí ìwé tó tò báyẹn rí.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Láti òní lọ, mi ò pè é ní Bọ̀ọ̀dá mọ́ nínú ìwé yìí.

Àtàláátà, 11 Máàṣì

Kí n tó jí ni Màmi ti mọ̀. Ìyàwó Najeem, Mùbárákà, ló sọ fún wọn níbi omi, ó rò pé wọ́n ti gbọ́. Mo bá wọn lórí ẹní ìkírun wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi kọ́, mo ní ímeèlì ẹbí ni, mo ní Najeem ló wọlé síbẹ̀ láìsọ fún mi. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi gbẹ.

Màmi ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́."

Wọ́n yíjú sí ògiri, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ.

Àlàmísì, 13 Máàṣì

Najeem dé láti Òṣogbo, ó sì tọ ìsọ̀ mi wá tààrà, bí ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún kó má kọ́kọ́ wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà níbẹ̀, mo ní kí wọ́n padà wá. Mo bi í pé ta ló fún un láyè. Ó ní jọ̀ọ́, ó ní iṣẹ́ Ìyìnolúwa kúrú jù, àyè kò sí lákòókò yẹn, ó sì rántí pé ìwé kan wà nínú ímeèlì tó gùn dáadáa.

Mo ní, "Ṣé o mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo máa sọ "o" sí i. Ó gbọ́ ọ, kò bá mi jà.

"Mi ò kà á, Qàwíyyàt. Ìpínrọ̀ ni mo ń wò."

"Kà á báyìí."

Ó kà á ní ìdúró. Mo ń wo ojú rẹ̀ bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ ìgbà tó dé gáréèjì. Mo mọ ìgbà tó dé orí ọkọ̀. Ó jókòó sórí páálí tákàdá, ó ní, "Ìyá mi ni ìyáálé yìí?" Mo ní ta lo rò pé ó jẹ́. Ó fa láptọ́ọ̀pù yọ, ó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò níwájú mi. Ó ní ó tán. Mo ní kí ló tán? Rose ti ya á sórí fóònù rẹ̀, àwọn ará Abíjáǹ ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ẹyin lohùn.

Ó ní òun máa fi orúkọ mi sí i. Lónìí gan-an. Mo ní kó fi sí ibo, ṣé lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi?

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Màmá Àgbà. Wọn ò ṣí i. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà Màmi. Màmi ní kó dìde, kó má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ sí àlejò nìyẹn.

Ká ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ǹ bá ní ọ̀tá kan, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀tá gbé. Kò tilẹ̀ kà á. Ìyá mi sọ ohun tó ti di sínú láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn wọn, gígùn rẹ̀ nìkan ni ọmọ bàbá mi rí. Èmi tí mo sì kà á ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibi tó ti yẹ kó gé ni èmi náà kọ́kọ́ ń wá nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Àìkú, 16 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Àwọn àgbẹ̀ Máṣífà yọ̀ dé ọjà. Ààrò méjì ló ń rú èéfín lẹ́yìnkùlé wa.

Àlàmísì, 20 Máàṣì

Akẹ́kọ̀ọ́ kò wá mọ́. Mo pàdé ọ̀kan nínú wọn lójú ọ̀nà, ó fi ayọ̀ sọ fún mi pé Lẹ́sẹẹsẹ ti ń bá àwọn tò ó, pé ṣé mo ti gbọ́ ọ rí. Mo ní mo ti gbọ́ ọ. Mo padà sí ìsọ̀, mo ṣí i, mo tẹ gbogbo èébú tó wà nínú mi sínú rẹ̀ láìsinmi, mo sì tẹ bọ́tìnnì. Ó tò ó dáadáa, olè.

Àìkú, 30 Máàṣì

Ìtúnu ààwẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ọdún, ìyàwó kékeré ló máa ń kọ́kọ́ gbé oúnjẹ lọ fún ìyáálé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ nǹkan wò. Màmi se ìrẹsì, wọ́n fi ẹran tó dára jù lé e, wọ́n sì ní kí n gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ láàárọ̀ yẹn ni. Màmá Àgbà gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Nígbà tí mo padà lọ kó abọ́ nírọ̀lẹ́, ìdérí kò kúrò lójú kan. Mo da ìrẹsì náà fún adìẹ kí Màmi má baà rí i. Mo ní Màmá Àgbà jẹ ẹ́ tán. Màmi wò mí, wọ́n ní irọ́ náà ti di ara mi báyìí.

Mo sunkún nílé ìwẹ̀ bí ọmọdé.

Jímọ̀, 4 Épírù

Najeem kọ̀wé sí mi. Àwọn kan ní Èkó fẹ́ rí Lẹ́sẹẹsẹ, ó ní iṣẹ́ ti pọ̀. Ó bẹ̀ mí lókè, ó bẹ̀ mí nísàlẹ̀, àárín ni ohun tó ń wá wà: kí ni àwọn àgbà Máṣífà fi ń parí ọ̀rọ̀? Ti Ìsúndúnrìn ńkọ́? Kí n bá òun wádìí rẹ̀, orúkọ mi á wà níbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà.

Mi ò fèsì. Mo ṣí ímeèlì tèmi. Mo kó ìwé Màmi kúrò níbi tó wà, mo gbé e síbẹ̀. Ibi tó parí sí náà ló ṣì parí sí, "kò wẹ̀yìn wò", ọ̀la wọn kò sì dé títí di òní. Bàbá, ẹ forí jì mí, mo ti dá ìkòkò gbé, ìgbà tí ilé sì ti jóná ni.

Àtàláátà, 8 Épírù

Òjò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo ń ká aṣọ. Màmá Àgbà yọ sí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ní kí n wá, kí n mú fóònù mi dání. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí n ka gbogbo rẹ̀ sí àwọn létí. Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní ẹnu Rose ni àwọn ti gbọ́ ọ, Rose kò sì ju ọmọdé lọ nígbà náà, àwọn fẹ́ gbọ́ ọ bí orogún àwọn ṣe wí i.

Mo kà á. Mo ka ogun, mo ka gáréèjì. Níbi tí wọ́n ti dá mi padà, ohùn mi já, mo mú un, mo kà á dópin. Màmá Àgbà ń fi àtàǹpàkò nu etí aṣọ wọn.

"Lóòótọ́ ni mo dá ọ padà," ni wọ́n wí. "Ìyókù ńkọ́?"

"Màmi ò tíì sọ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní ó di ọ̀la. Ibà wá gbé wọn dè, ààwẹ̀ dé, lẹ́yìn náà ni…"

Wọn ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n ní nítorí ìlàjì ọ̀rọ̀, àwọn ti ń jẹun ní kọ̀rọ̀ bí ológbò láti inú ààwẹ̀. Wọ́n wá bàtà wọn, wọn ò rí i, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán kọjá àgbàlá nínú ọ̀wààrà òjò tó ti ń bọ́. Wọ́n kan ilẹ̀kùn Màmi. "Mùínà, ṣí i. Ìyókù ni mo wá gbọ́. Bó ò bá lè sọ ọ́, èmi ni mo máa sọ ọ́."

Ó pẹ́. Mo rò pé wọn ò ní ṣí i. Ilẹ̀kùn wá ṣí, Màmi dúró síbẹ̀, wọn ò wo ojú ìyáálé wọn, ẹsẹ̀ ìyáálé wọn tó tutù ni wọ́n ń wò. Wọ́n yà kí Màmá Àgbà lè kọjá. Mo tẹ̀ lé wọn, mo ní lónìí mo máa gbọ́ ọ.

Màmi ní, "Gbé fóònù yẹn síta kó o tó wọlé."

Mo ní mo ti pa á. Wọ́n ní síta ni àwọn wí. Mo sáré lọ gbé e sórí pèpéle, níbi tí òjò kò dé. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Mo kàn án díẹ̀. Màmi ní kí n lọ wo aṣọ tí mo sá.

Mi ò lọ wo aṣọ kankan. Mo jókòó ti fóònù mi lórí pèpéle. Òjò ń dún lórí páànù, mi ò gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ, kò sì sí èyí tó so pọ̀ nínú rẹ̀. Ohùn Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ ga, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Màmi pòṣé, wọ́n ní irọ́ ni, irọ́ ńlá. Wọ́n jà sí i. Ẹnì kan sunkún, mi ò mọ èwo nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú, ẹ̀rín Màmi tó máa ń di ikọ́, mi ò gbọ́ ọ láti oṣù kejì. Èmi tí wọ́n nà lọ tí wọ́n nà bọ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù, mi ò mọ ohun tí ẹ̀rọ ìránṣọ ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Màmá Àgbà ní, "Fualà."

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Òjò rọlẹ̀ díẹ̀, mo sì gbọ́ Màmi ketekete láti inú yàrá, ohùn wọn fúyẹ́. Wọ́n ní, "Alihamudulilahi."

Mo mọ̀ pé ìpínrọ̀ náà parí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mi ò mọ̀.